Ike àti Férémù Lára Nọ́ńbà Mọ́tò: Kí Ni Awakọ̀ Ń Fi Wọ́n Ṣe?

Títì Ìdí-Ìrókò, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ìlú kan ṣoṣo ti ń rìn. Mọ́tò tó ní KJA níwájú nọ́ńbà rẹ̀, Ìkẹjà ló ti gbàwé. Èyí tó ní BDG gbàwé ní Àgbádárìgì. Èyí tí RB sì parí nọ́ńbà tirẹ̀, Orílẹ̀-èdè Benin ló ti wá. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ ló tọ̀ dé Ìgóló ní òdìkejì ẹnubodè kó tó wọlé sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n ti ń tò sẹ́yìn ara wọn níwájú àwọn aṣọ́bodè, bẹ́ẹ̀ ni ìdí wọn ò jọra. Ẹnì kan fi férémù dúdú yí nọ́ńbà rẹ̀ ká, ó kọ orúkọ ìjọ rẹ̀ sí abẹ́ férémù náà. Ẹlòmíràn ń gbé férémù onírin dídán tó ní orúkọ ilé-ìtajà ọkọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Texas kiri, bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí. Ẹnì kẹta fi ike tó mọ́ gaara bo nọ́ńbà tirẹ̀ pátá. Ike ni ẹnì kẹrin náà lò, àmọ́ dúdú ni tirẹ̀. Àfi kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìjọba ti tẹ nọ́ńbà, olówó ọkọ̀ sì ti sanwó rẹ̀. Kí ló tún kù tí èèyàn ń náwó lé e lórí? Ìdí rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ́gbọ́n dání. Ọ̀kan péré ló ń ba àwọn yòókù lórúkọ jẹ́, òun náà ló sì ń fa wàhálà láàárín awakọ̀ àti agbófinró.

Iṣẹ́ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá Paris pàṣẹ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1893 pé kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan máa gbé pátákó irin tí orúkọ olówó rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1904, nọ́ńbà di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Mọ́tò yára ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Bó bá gbá ọmọ ọlọ́mọ, kí ìyá ọmọ tó sáré débẹ̀, ó ti lọ. Àmì kúkúrú kan tí ojú lè gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tí ẹni tó wà nítòsí lè rí dì mú.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn àgbà tó ti ń wa mọ́tò láti ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 kò tíì gbàgbé OG, OY àti LA tó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà nígbà náà. Wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo wa mọ̀ sí Road Safety, sílẹ̀ ní 1988. Ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Nọ́ńbà tó wà níta báyìí ní lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọkọ̀ ti gbàwé, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì ló sì kádìí rẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ àti inagijẹ rẹ̀ wà lókè. Ti Ògùn ni Gateway State. Àsíá orílẹ̀-èdè wà ní igun, àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà hàn fírífírí lẹ́yìn, orúkọ orílẹ̀-èdè sì wà nísàlẹ̀. Àwọ̀ aró ni wọ́n fi ń kọ ti mọ́tò àdáni, pupa ni ti akérò, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Gbogbo èyí ni wọ́n kó sórí páànù tí ó fẹ̀ tó ínǹṣì 12, tó sì ga tó ínǹṣì 6. Kò sí etí kan tó ṣófo lára rẹ̀ tí èèyàn lè sọ pé kò jẹ́ nǹkan kan bí òun bá bò ó.

Páànù ọ̀hún kò nípọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, kó wo ti mọ́tò akérò tó ń ná ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò, láti Àtàn dé Owódé, kó gba Àjílété kọjá. Skúrù méjì ni wọ́n sábà máa ń fi de nọ́ńbà lókè, wọn ò sì ní de ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí táyà bá kó sí kòtò ni ìsàlẹ̀ páànù máa ń gbọ̀n, tí á máa lu ara mọ́tò pẹ́pẹ́pẹ́. Ihò skúrù tó rí róbótó lọ́jọ́ tí wọ́n lu ú á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Tó bá yá, á sán láti ihò náà, á sì máa là díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé etí páànù. Lọ́jọ́ tí apá kejì bá tún là, skúrù nìkan ló máa kù sára mọ́tò. Nọ́ńbà ti wà nínú koríko níbì kan láàárín Owódé àti Àjílété. Ti ọ̀dà rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Eruku pupa ilẹ̀ Yewa máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ tó ń fọ mọ́tò á fi kànìnkànìn ha á láràárọ̀, títí 8 á fi di 3.

Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù yóò lọ fi tó ọlọ́pàá létí kó lè gba ìwé, yóò lọ búra ní kóòtù, lẹ́yìn náà ni yóò tún san owó òmíràn. Ní 2021, wọ́n gbé owó nọ́ńbà mọ́tò lásán kúrò ní ₦12,500 lọ sí ₦18,750. Nọ́ńbà tí èèyàn fúnra rẹ̀ yan ohun tí wọ́n máa kọ sí i kúrò ní ₦80,000, ó di ₦200,000. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá fi ń sáré kiri lórí èyí, kò ní rí owó ọjọ́ náà mú wálé. Nítorí náà, bó bá sọ fún mẹkáníìkì pé, “Ọ̀gá, ẹ bá mi wá férémù tó lágbára sí i,” kò sí ẹ̀tàn kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Férémù tó gbá páànù mú láti ẹ̀yìn, tó sì di etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kì í jẹ́ kó gbọ̀n.

Àwọn kan tún wà tí ẹ̀rù wọn kì í ṣe kòtò. Láwọn ìlú wa, àwọn agbowó àti àwọn tó ń lé ọkọ̀ kúrò níbi tí kò yẹ máa ń tú nọ́ńbà mọ́tò gbé lọ, wọ́n á ní ó di ìgbà tí olówó rẹ̀ bá sanwó kó tó rí i gbà. Ẹni tó bá ti jẹ irú ìyà yìí kì í fẹ́ kí skúrù òun rọrùn láti tú mọ́. Á ní kí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kan férémù mọ́ ara mọ́tò pinpin. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, àwọn olè máa ń jí nọ́ńbà kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ibi. Nítorí èyí, wọ́n ń ta skúrù kan níbẹ̀ tí a lè yí wọlé àmọ́ tí kò ṣeé yí jáde.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ń mú kí awakọ̀ ra férémù, ìdí yìí ni àwọn èèyàn kì í sì í sábà ronú kàn. Ìwọ̀n nọ́ńbà Nàìjíríà bá ti Amẹ́ríkà mu. Ti ilẹ̀ Yúróòpù gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́: mìlímítà 520 ní gígùn, 110 ní gíga. Àwọn tó ṣe Peugeot àti Golf fún ilẹ̀ Yúróòpù ti gbẹ́ àyè tó gùn yẹn sí ìdí ọkọ̀ wọn láti iléeṣẹ́. Bí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wá gba ìwé Nàìjíríà, nọ́ńbà wa á ga ju àyè tí wọ́n gbẹ́ fún un lọ, kò sì ní gùn tó o. Ihò skúrù kò ní bára mu. Àwọn kan á tẹ orí páànù kó lè wọ̀ ọ́, orúkọ ìpínlẹ̀ á sì lọ sí ibi tó tẹ̀. Ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ á ra férémù tí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti mọ́tò mu, tí iwájú rẹ̀ sì bá nọ́ńbà mu. Owó tí èèyàn bá ná sórí irú férémù yìí kò ṣòfò.

Férémù ará Texas tó dé Ìdí-Ìrókò ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìtajà ọkọ̀ ló máa ń fi férémù sára mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé gbogbo ibi tí oníbàárà bá wà á dé ni orúkọ ilé-ìtajà náà á ti máa polówó ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dàgbà, wọ́n á tà á ní gbàǹjo, wọ́n á sì kó o sínú ọkọ̀ òkun lọ sí Èkó tàbí Kútọnu. Ìjọba ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ló ń tẹ nọ́ńbà, wọ́n á yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Férémù kò ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó ra tòkúnbọ̀ rí i pé ó dára lójú, ó sì ń fi hàn pé ọkọ̀ òun kò tíì pẹ́ nílùú, ló bá fi nọ́ńbà tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Tiwa náà ti wá ní àṣà tirẹ̀. Orúkọ ìjọ, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, àmì ẹgbẹ́ amòfin tàbí ti oníṣègùn, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lára férémù. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ọlọ́pàá tó wà ní ibùdó àyẹ̀wò mọ ẹni tó ń bọ̀ kí gíláàsì tó wálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ibi tí wọ́n ti ń rí àyè kọ ọ́. Férémù tó bá nípọn tó láti gba orúkọ ìjọ ní ìsàlẹ̀ á ti gbé orúkọ orílẹ̀-èdè mì. Bí òkè rẹ̀ náà bá nípọn, Ìpínlẹ̀ Ògùn á ti wọlé lọ. Ní Ìbàdàn, èyí lè máà jọ nǹkan kan. Ní ẹnubodè tí mọ́tò orílẹ̀-èdè méjì ti ń pàdé lójoojúmọ́, orúkọ tí férémù gbé mì yẹn gan-an ni aṣọ́bodè ń wá. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti orílẹ̀-èdè wa tó jáde ní 2012 kò fàyè gba ohun tó bá dí nọ́ńbà lójú, ìwé ìtanràn Road Safety sì kọ ₦3,000 fún ẹ̀sùn tó bá jẹ mọ́ nọ́ńbà.

Ike tó bo ojú nọ́ńbà ló yẹ kí a fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ló rà á pẹ̀lú ọkàn rere tí wọn kò mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀dà funfun lásán ló wà lójú nọ́ńbà. Awọ tín-ínrín kan ni, wọ́n ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á lè padà síbi tó ti wá. Ohun tó fà á nìyí tí nọ́ńbà mọ́tò iwájú fi máa ń tàn yòò lóru bí iná ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá kàn án, nígbà tí ara mọ́tò tó kù ṣì ṣú. Bí ike bá wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìmọ́lẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá, nígbà tó ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀. Ike dúdú tó bá gba ìdajì ìmọ́lẹ̀ ní àlọ á tún gba ìdajì èyí tó kù ní àbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló máa dé ojú ẹni tó ń wò. Ohun tí èèyàn lè kà lọ́sàn-án á di òkùnkùn lálẹ́. Aró àti pupa pàápàá á dà pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, èyí sì bá awakọ̀ kábúkábú lára mu, torí nọ́ńbà àdáni ló fi ń kó èrò, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè.

Ike tó mọ́ gaara kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Oòrùn á sọ ọ́ di rúsúrúsú, eruku á ha ojú rẹ̀, omi òjò á gba etí rẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó rà á kí nọ́ńbà rẹ̀ má baà ṣá yóò wá rí i pé ike ló kọ́kọ́ ṣá, nọ́ńbà ṣì mọ́ tónítóní lábẹ́ rẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó lè kà á mọ́.

Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ ló kù. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ló mọ ohun tó ń jẹ́ fàyàwọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má já epo sí ilé-epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Nígbà tí òfin bá le báyìí, ọkọ̀ tí àwọn agbófinró ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ kò lè ná ọ̀nà igbó pẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ mọ́ nọ́ńbà máa ń yọjú, àti ike dúdú, àti nọ́ńbà tó yàtọ̀ níwájú sí ti ẹ̀yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rọra rìn. Eré tí wọ́n ń sá gba àárín ìlú kọjá, pẹ̀lú àwọn tó ń lé wọn, ti pa èèyàn nílẹ̀ Yewa: àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀.

Kì í sì í ṣe onífàyàwọ́ nìkan. Àwọn èèyàn ńlá kan máa ń fi aṣọ tàbí awọ bo nọ́ńbà ọkọ̀ wọn pátápátá, tí ọlọ́pàá á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn mìíràn lo nọ́ńbà tí wọ́n kọ SPY sí, títí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Usman Alkali Baba, fi ní kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ ní 2022. Ohun tí èyí ń kọ́ ọ̀dọ́ awakọ̀ burú gidigidi. Ó rí i pé ẹni tó lágbára kò ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè kà, ló bá rò pé bí òun náà bá bo tòun, òun ti di ẹnì kan nìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, kámẹ́rà ni awakọ̀ ń sá fún. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2003 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín ìlú náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, owó tí mọ́tò olóèéfín ń san, ìyẹn ULEZ, tàn dé gbogbo àdúgbò, títí kan Thamesmead tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà ló ń wá olówó rẹ̀. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò lè rí ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ń tàn sí nọ́ńbà, nítorí náà àwọn kan ń ra awọ tó ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan lọ́nà. Ọlọ́pàá tó dúró níwájú ọkọ̀ á ka nọ́ńbà náà geere, kámẹ́rà kò ní rí nǹkan kan. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ní ìpínlẹ̀ Florida, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2025 sọ bíbo nọ́ńbà di ọ̀ràn tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rù ba àwọn tó ní férémù ilé-ìtajà lára ọkọ̀ wọn, ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá ṣàlàyé pé kò sí ohun tó burú nínú férémù tí kò bá ti bo lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì ìwé ọkọ̀ tó wà ní igun.

Àwọn ará òdìkejì ẹnubodè wa mọ ìwúlò ohun tí gbogbo ojú lè kà. Ní Kútọnu, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, tí wọ́n ń pè ní zémíjàn, máa ń wọ ẹ̀wù àwọ̀ yẹ́lò tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èrò tó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀kadà ti jókòó kọjú sí nọ́ńbà yẹn láti ibi tó ti gùn ún títí dé ibi tó ti sọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà Owódé lóru kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ó ní, tàbí ni ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ní, láti rí lẹ́tà márùn-ún àti nọ́ńbà mẹ́ta. Bí wọ́n bá rí i, Road Safety lè fi wá orúkọ olówó ọkọ̀. Bí ike dúdú bá wà níbẹ̀, ẹbí ẹni tó ṣubú ló máa san owó ilé-ìwòsàn, wọn kò sì ní mọ ẹni tí wọn ì bá bá sọ ọ́ láéláé. Kò yẹ kí ohun tí wọ́n rà lọ́jà fún ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo nọ́ńbà rẹ̀ láìṣẹ̀ sófin ní ọ̀nà. Kó ra férémù tí etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ẹ̀yìn gbọọrọ tí páànù máa fara tì, tí kò sì ní ike níwájú. Kó de skúrù mẹ́rin dípò méjì, kó fi rọ́bà róbótó sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí irin má baà máa gún irin. Kó yẹ gílóòbù kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ẹ̀yìn wò, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ kú tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bojú wò.

Ẹni tó ń sọdá sí Ìgóló tún ní láti ro ti ìwé mọ́ ọn. Nọ́ńbà mọ́tò wà lára lésépàsé tí wọ́n ń gbà wọ Benin, ó wà lára káàdì ìbánigbófò aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, èyí tí àdéhùn rẹ̀ wáyé ní Kútọnu ní oṣù Karùn-ún 1982, ó sì wà lára ìwé ọkọ̀. Aṣọ́bodè á mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, á rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò, á sì fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ara wọn. Bí ike kò bá jẹ́ kó rí i kà, á ní kí awakọ̀ tú u. Ẹni tó fi skúrù de tirẹ̀ á tú u níbẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án á gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á sì lọ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò.